Rọ́ọ̀gì tàbí pákó: Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó ná owó ṣọ́ọ̀bù

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé wa, Ìkẹjà

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé máa ń di ọ̀rọ̀ owó ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége. Ọdún ń bọ̀, àlejò ń bọ̀, rọ́ọ̀gì tó wà ní pálọ̀ sì ti gbó mọ́lẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ibo ni owó rọ́ọ̀gì tuntun yóò ti jáde? Inú owó ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹni tó ń ta ìpara kò ní àpò méjì, ẹni tó ń ránṣọ kò ní àpò méjì. Àpò tí wọ́n fi ń ra ọjà náà ni wọ́n fi ń tún ilé ṣe. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé wá sí ojú ìwé ọrọ̀ ajé lónìí.

Àbúrò ìyá mi kan tó ń ránṣọ ní Agége ló gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló kọ́, kò sì tíì parí rẹ̀ tán tó fi kó wọ ibẹ̀ ní 2014, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe l'Ékòó. Pálọ̀ àti yàrá tó ti ń ránṣọ wà nísàlẹ̀, àwọn yàrá tí wọ́n ń sùn wà lókè. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pààrọ̀ rọ́ọ̀gì pálọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn ún jù, nítorí pé owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di etí aṣọ ló fi rà á. Rọ́ọ̀gì náà kò pé ọdún mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ wọn aṣọ fún oníbàárà rẹ̀ kan ní GRA Ìkẹjà, ó sì rí i pé pákó ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ilé náà, ó ń dán bí ojú dígí. Kò tíì délé tó fi pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ tó o máa ń kọ ọ̀rọ̀ owó sínú ìwé ìròyìn, ṣé kí n jáwọ́ nínú rọ́ọ̀gì yìí, kí n lọ fi pákó tẹ́ ilẹ̀?"

Mo ní: "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wádìí ẹ̀, mà." N kò mọ̀ pé ìwádìí náà yóò gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

OHUN TÍ RỌ́Ọ̀GÌ FI Ń BORÍ

Kí a má parọ́ mọ́ rọ́ọ̀gì, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Owó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ tí a rà á, kì í sì í pẹ́ tẹ́. Ẹni méjì lè tẹ́ yàrá kan tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ń bo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó ti sán tàbí tí kò tẹ́jú. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kì í jẹ́ kí ariwo ẹsẹ̀ àwọn tó wà lókè da àwọn tó wà nísàlẹ̀ láàmú. Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé rí yóò mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè ṣubú lórí rẹ̀ kó má fara pa. Bí ayálégbé bá sì ń kó lọ, ó lè ká a, kó gbé e dání.

Púpọ̀ nínú rọ́ọ̀gì tí wọ́n ń tà fún wa, okùn oníke tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni wọ́n fi ṣe é. Okùn yìí kì í mu omi, àbàwọ́n kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀, àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ojú kan náà lójoojúmọ́, yóò dùbúlẹ̀, kò ní dìde mọ́. Nylon máa ń dìde padà jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe dára púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń wá owó ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí rọ́ọ̀gì ṣe nípọn sí, kó ká a sẹ́yìn lójú ẹni tó ń tà á, bí ìgbà tí a bá ká ìwé. Bí ẹ bá ti ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín irun, a jẹ́ pé okùn rẹ̀ kò pọ̀. Irú rọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń pá lórí.

Ẹ tún mọ̀ pé mítà 4 ni fífẹ̀ ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì tí wọ́n ń gé láti ara rólù. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó, kò ju mítà 3.66 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí túmọ̀ sí pé mítà onígun mẹ́rin bíi 14.6 lẹ máa sanwó rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 13.4 ni ilẹ̀ yín. Ẹ gba èyí tí wọ́n bá gé kúrò lọ́wọ́ wọn. Owó yín ló wà nínú rẹ̀, yóò sì wúlò lẹ́nu ọ̀nà.

Fún ẹni tó fẹ́ fi rọ́ọ̀gì ṣòwò, ohun kan wà níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì àti kápẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọlé láti òkè òkun. Wọ́n ń ṣe é níbí. Lucky Fibres, fún àpẹẹrẹ, ti ṣe rọ́ọ̀gì ní Ìkòròdú fún ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé tó fi ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà náà hàn kí ẹ tó kówó sílẹ̀, torí pé ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbẹ́sẹ̀ lé nínú ilé ìkẹ́rù, owó ẹni tó kó o síbẹ̀ ló bá a lọ.

Eruku àti omi ni ọ̀tá rọ́ọ̀gì, àwọn méjèèjì ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìgbálẹ̀ kì í kó eruku tó ti wọ inú rọ́ọ̀gì, ṣe ló ń tì í wọlẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ń fẹ́ iná, bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan tún wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń jẹ èépá ara wa. Wọ́n fẹ́ràn ibi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin, ìgbẹ́ wọn sì máa ń ru ikọ́ fée sókè lára ẹni tó bá ti ní i. Ní ti ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi ti òwú, irun orí àti abẹ́rẹ́ kún un. Iye ìgbà tí àbúrò ìyá mi ti tẹ abẹ́rẹ́ nínú rọ́ọ̀gì yẹn kò ṣe é kà.

PÁKÓ MẸ́TA, ORÚKỌ KAN

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn ń pè ní pákó.

Èyí àkọ́kọ́ ni pákó gidi, igi líle láti òkè délẹ̀, tó máa ń nípọn tó mílímítà 18 tàbí 20. Bó bá ha tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, káfíńtà yóò fi ẹ̀rọ ha ojú rẹ̀, yóò fi fáníìṣì kùn ún, yóò sì tún di tuntun. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní ìgbà mélòó kan kí ayé rẹ̀ tó parí. Èyí kejì ni èyí tí wọ́n fi igi gidi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ orí pákó onípele. Ó dára, kì í sì í tètè ká tàbí wú bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ bí igi tó wà lórí rẹ̀ ṣe nípọn tó ni iye ìgbà tí ẹ lè ha á mọ. Bí kò bá ju mílímítà kan lọ, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá.

Èyí kẹta ni lámínéètì. Fọ́tò igi ni, kì í ṣe igi. Ìwé tí wọ́n ya àwòrán igi sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rún igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi ike líle bo ojú rẹ̀. Kò burú fún iye tí wọ́n ń tà á, kì í sì í tètè ha, ṣùgbọ́n kò ṣe é há, bí omi bá sì ti gba etí rẹ̀ wọlé, yóò wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ ni pé kí ẹ gbé ẹyọ kan, kí ẹ wo etí rẹ̀. Bí ilà igi tó wà lójú rẹ̀ kò bá dé etí, fọ́tò ni. Ẹ tún to bíi mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá rí kókó igi kan náà lójú kan náà lára méjì tàbí mẹ́ta, ọjà náà ti tú ara rẹ̀ fó. Igi méjì kì í bí kókó kan náà.

Òkè òkun ni púpọ̀ nínú irú kejì àti irú kẹta ti ń wá, dọ́là ló sì ń pàṣẹ fún iye wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ orúkọ ọjà 41 tí kò ní í fún àwọn tó ń kó wọn wọlé ní dọ́là mọ́. Táìsì wà níbẹ̀, pákó onípele wà níbẹ̀, pákó tí wọ́n fi ẹ̀rún igi tẹ̀ pọ̀ náà wà níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni báńkì náà tó fagi lé òfin yẹn. Àmọ́ kí ó tó fagi lé e, ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà mọ́ dọ́là, náírà sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ta pákó ilẹ̀ láàárín ọdún yẹn yóò sọ fún yín bí iye tó kọ sára ọjà ní àárọ̀ ṣe máa ń di irọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú àbúrò ìyá mi padà sí igi tiwa. Ìrókò ló fẹ́. Ìrókò dára lóòótọ́, ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì ń pẹ́. Apá náà ń pẹ́, ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wú, kì í sì í sún kì tó ọ̀pọ̀ igi mìíràn. Ọ̀gànwó rẹwà, ó sì rọ̀ jù wọ́n lọ díẹ̀. Ẹni tó bá gbé arère tàbí afárá wá fún yín pé kí ẹ fi tẹ́ ilẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Igi wọ̀nyẹn rọ̀, ikán sì mọ adùn wọn. Kódà lára ìrókò, ẹ má gba pákó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun. Apá ibi tó funfun yẹn kò ní agbára tí inú rẹ̀ tó pọ́n ní, ikán yóò wọ̀ ọ́ bó ṣe ń wọ igi yòókù. Òkúta tún máa ń wà nínú ìrókò nígbà mìíràn, ohun funfun líle bí ẹfun, tó máa ń sọ eyín ayùn di kíku. Àwọn tó ń lagi mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì ń fi í bú u.

"ỌDÚN KỌ́ LÓ Ń GBẸ ILẸ̀"

Káfíńtà tí wọ́n júwe fún wa ní Òkò Ọba, bàbá tó ti dàgbà ni. A bá a níbi tó ti ń pọ́n ayùn. Àbúrò ìyá mi kí i, ó sì sọ ohun tó bá wá: "Bàbá, pákó ìrókò ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ́ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀."

Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ owó. Ó ní: "Ìyá, ilẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó gbẹ?"

"Ó gbẹ kẹ̀, bàbá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ibẹ̀."

"Ọdún kọ́ ló ń gbẹ ilẹ̀, Ìyá. Ẹ lọ ká rọ́ọ̀gì yẹn kúrò, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù dán an wò. Ẹ padà wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn."

Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ìdánwò tí bàbá yìí sọ, kò sì náni ju owó náílọ́ọ̀nù lọ. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ kedere, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó ínǹṣì 18. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ẹ ti gbá mọ́, kí ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣí i tí abẹ́ rẹ̀ gbẹ, tí àwọ̀ sìmẹ́ńtì kò yí padà, ó dára. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ náílọ́ọ̀nù náà, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, omi ń gòkè láti ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe é lójú kan ṣoṣo. Ẹ ṣe é láàárín yàrá, kí ẹ ṣe é lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì ṣe é níbi tó sún mọ́ ilé ìwẹ̀.

A lẹ náílọ́ọ̀nù mẹ́ta sí pálọ̀ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ti àárín pálọ̀ gbẹ. Ti ẹ̀bá ògiri iwájú gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀, omi ti sẹ̀ sí gbogbo abẹ́ rẹ̀ bí òógùn iwájú orí. A wo ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì tí a ká kúrò. Apá ibẹ̀ ló dúdú, apá ibẹ̀ náà ló ń rùn.

Àbúrò ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Rọ́ọ̀gì mẹ́ta ló ti rà, ó sì ti bú àwọn tó tà á fún un pé ayédèrú ni wọ́n fún òun. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn wọn. Láti abẹ́ ni rọ́ọ̀gì ti ń jẹrà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilẹ̀ kọ́ńkéré tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì flọ́ọ̀, orí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń dà á sí. Kọ́ńkéré sì dà bíi kànrìnkàn, ó ń fa omi. Ó yẹ kí wọ́n tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dà á, kí omi inú ilẹ̀ má bàa gòkè. Ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa ni wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ń fi owó àjọ kọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí páìpù ilé ìwẹ̀ bá tún wá ń jò, ìṣòro náà di méjì. Bí ilé bá sì jẹ́ tuntun, ẹ fún kọ́ńkéré ní àyè láti gbẹ. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń tẹ̀lé ni pé kí a fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tó nípọn ní oṣù kan, ó kéré tán. Ilẹ̀ tó nípọn tó ínǹṣì 4 yóò gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí ẹ tó fi ohunkóhun bò ó.

Bí wọ́n bá fi pákó tẹ́ orí irú ilẹ̀ tí omi ń gòkè nínú rẹ̀ yìí, abẹ́ pákó yóò máa mu omi nígbà tí òkè rẹ̀ ń gbẹ. Etí pákó yóò gbé sókè, àárín rẹ̀ yóò jìn bí abọ́. Bí ọ̀rinrin bá sì ti wà níbẹ̀, ikán ti gbọ́ ìròyìn nìyẹn. Owó tí àbúrò ìyá mi fẹ́ ná yóò wọlẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan ju ti rọ́ọ̀gì lọ.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÍ ONÍṢÒWÒ ṢE

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, iye tí wọ́n bá dá lé mítà kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni iye ilẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Ẹ fi iye tí ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò wọn.

Ká ní rọ́ọ̀gì àti owó ẹni tó tẹ́ ẹ jẹ́ ₦120,000, tó sì lo ọdún mẹ́rin. ₦30,000 ló ń ná yín lọ́dún. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní ₦5,000, ó di ₦40,000. Ká wá ní pákó gidi, owó káfíńtà àti oògùn ikán jẹ́ ₦600,000, tó sì lo ọdún 25. ₦24,000 nìyẹn lọ́dún. Bí ẹ bá ń ha á, tí ẹ ń fi fáníìṣì kùn ún ní ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ní ₦80,000, ẹ fi ₦10,000 kún un, ó di ₦34,000. Pákó tó dà bíi pé ó wọ́n fi ₦6,000 dín sí rọ́ọ̀gì lọ́dọọdún.

Ibi tí àwọn tó ń ta pákó máa ń dúró sí nìyẹn. Oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. ₦480,000 ni pákó fi ju rọ́ọ̀gì lọ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó. Bí owó yẹn bá wà nínú ọjà, tó sì ń mú èrè ₦10,000 péré wá lóṣù, ₦120,000 ni lọ́dún. Ṣé ẹ fẹ́ pàdánù ₦120,000 nítorí kí ẹ lè jèrè ₦6,000? Ẹni tí owó ọjà rẹ̀ kò tíì tó, tó lọ fi pákó tẹ́ ilẹ̀, ó ti fi àtẹ rẹ̀ ṣe ilẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ kàn ń sùn ní báńkì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ tún wo ohun tí omi ń ṣe sí ìṣirò náà. Rọ́ọ̀gì tó yẹ kó lo ọdún mẹ́rin tó wá lo mẹ́ta, ₦50,000 ló ná yín lọ́dún pẹ̀lú owó fífọ̀. Pákó tó yẹ kó lo ọdún 25 tó wá bàjẹ́ ní ọdún karùn-ún, ₦120,000 lọ́dún ni.

Ní ti ayálégbé, n kò rò pé ó yẹ ká máa jiyàn. Ohun tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù tàbí ìṣó kàn mọ́ ilé onílé, ilé ni yóò bá lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde. Èmi náà jìyà rẹ̀. Mo lẹ lámínéètì sí yàrá kan tí mo gbà ní Ọ̀gbà, onílé fi owó kún owó ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní yàrá náà ti lẹ́wà sí i.

TÁÌSÌ TÍ A KÒ FẸ́ DÁRÚKỌ

Títí di ìgbà yìí, àbúrò ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ táìsì. Ó ní ó tutù, ó ń yọ̀, ó sì ń dà bí ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, táìsì ló ti gba pálọ̀ púpọ̀ l'Ékòó lọ́wọ́ rọ́ọ̀gì, ìdí rẹ̀ kò sì farasin. Omi kì í bà á jẹ́, aṣọ ìnulẹ̀ kan ti tó láti tọ́jú rẹ̀, ikán kò sì lè jẹ ẹ́. Wọ́n sì ń ṣe é lórílẹ̀-èdè yìí, ní Àjàòkúta tí West African Ceramics wà, àti ní Ṣàgámù tí CDK wà. Ohun tí mo kàn fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má ra èyí tó ń dán jù fún ibi tí omi lè dà sí, kí ẹ rà á kọjá iye tí ẹ nílò ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ sì tọ́jú páálí kan síbi tó gbẹ. Bí sísọ́ọ̀sì tó wúwo bá já lu ọ̀kan tó sì là, ẹ kò ní rí irú àwọ̀ yẹn rà mọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ibi tí àbúrò ìyá mi fi ọ̀rọ̀ náà tì sí nìyí. Wọ́n yóò tún páìpù ilé ìwẹ̀ ṣe ná. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yóò fi táìsì tẹ́ pálọ̀ àti yàrá ìránṣọ, pẹ̀lú rọ́ọ̀gì kékeré kan láàárín tí wọ́n lè gbé jáde kí wọ́n sá a sóòrùn. Àwọn yàrá ọmọ lókè yóò wà lórí rọ́ọ̀gì wọn, torí pé kọ́ńkéré tó wà lókè kò kan ilẹ̀, náílọ́ọ̀nù tí a lẹ̀ síbẹ̀ sì gbẹ. Yàrá tirẹ̀ nìkan ló fẹ́ fi ìrókò tẹ́, láti inú èrè iṣẹ́ ọdún, kì í ṣe láti inú owó ẹ̀rọ. Mo bá a jiyàn lórí ti yàrá náà, mo ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní òun ti ń tẹ maṣíìnì láti ìgbà tí òun wà lọ́mọ ogún ọdún, ó sì tó kí òun jí lórí pákó. N kò ní èsì fún ìyẹn.

Bàbá káfíńtà gbà, àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀. Kò ní í kan pákó kankan mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ, torí pé pákó tí wọ́n bá kàn ní tútù, bí ọyẹ́ bá dé, àlàfo tí ìka lè wọ̀ ni yóò wà láàárín wọn. Wọ́n máa fi àlàfo bíi mílímítà 10 sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri gbogbo, kí pákó lè rí àyè wú nígbà òjò, wọn yóò sì fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n to pákó náà sínú yàrá gan-an, kí wọ́n fi igi kékeré sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó gé èyọ kan tó gùn bí apá, ó ní kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ni kí wọ́n pe òun. Ó gba ìdajì owó iṣẹ́, ó ní ìyókù di ìgbà tí pákó bá lo oṣù kan nílẹ̀ láì gbé etí sókè. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn páálí fáníìṣì kan.

Páńlé tí wọ́n ṣí lára ògiri ilé ìwẹ̀ fi hàn pé oríkèé páìpù kan ló ń jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ẹni tó tún un ṣe kò lò ju wákàtí méjì lọ.

Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló ń yá wọn ní òṣùwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, pákó náà wọn kílò 1.42. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wọn 1.35. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó jẹ́ 1.31, wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri lókè ibi tí wọ́n to pákó sí. Bàbá káfíńtà ní òun kò tíì ń bọ̀.